Tábìlì Tó Jáde Láti Inú Òkun

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Bẹẹrẹ nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira. Ọ̀gá kan tó ń bá ìjọba tọ́jú ohun àtijọ́ kó àga kan àti tábìlì kan wá bá mi. Ó ní inú ọkọ̀ òyìnbó kan tó rì sókun láyé àwọn baba ńlá wa ni àwọn òmùwẹ̀ ti yọ wọ́n. Igi náà dúdú, ó rin gbingbin bí àkàrà tó bọ́ sómi.

Mo gbé àga sóòrùn, bí mo ti ń ṣe sí igi tútù. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti là, ó ti súnkì, iyọ̀ funfun sì hù sí i lára. Nígbà tí ọ̀gá náà rí i, kò bú mi. Ó kàn jókòó sórí pákó, ó ń fọwọ́ gbá iyọ̀ kúrò lára àga náà. Ojú tì mí ju bí ì bá ṣe bú mi lọ.

“Ẹ má jẹ́ kí tábìlì rí oòrùn,” ló wí níkẹyìn. “Ẹ rì í sínú omi tó mọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà títí iyọ̀ á fi tán lára ẹ̀.”

Mo gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Oṣù mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn bá wa lórí ẹ̀. Ẹ̀rọ omi Bẹẹrẹ ò sun dáadáa mọ́, la bá ń pọnmi láti inú kànga kan nísàlẹ̀ Òkè Padre, èmi àtìyàwó mi. Ìyàwó mi á bu díẹ̀ nínú omi kòtò, á tọ́ ọ wò, á tu ú dànù.

“Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan, ó sọ garawa kalẹ̀. “Baálé mi, òkú igi la kúkú ń wẹ̀ látọjọ́ yìí. Ọrùn ń dùn mí.”

Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan ni mo lọ pọnmi. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé garawa tọ̀ mí lẹ́yìn.

Nígbà tí omi ò níyọ̀ mọ́, a fi àpò tútù wé tábìlì náà níbi tí oòrùn ò dé, kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wọ́. Ìyókù dúró gírígírí.

Ọ̀gá wá gbé e, ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ṣé gan-an ni.”

“Ìyàwó mi ló pọnmi jù,” ni mo wí.

Ó yíjú sí i, ó fọwọ́ kanlẹ̀. Ìyàwó mi kàn mirí sí i níbi tó jókòó sí, kò dìde. Bí wọ́n ti gbé tábìlì náà lọ, a wọlé, a sùn lọ́sàn-án gangan.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀gá náà kọ̀wé pé àpótí kan tún ti jáde látinú òkun. Mo kọ gbogbo bí a ṣe ṣe tábìlì náà ránṣẹ́ sí i, mo ní kó wá ẹlòmíì tí ara ẹ̀ ṣì le.