Ọkọ̀ Tó Lọ sí Adigbe

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ ni. Òjò òru ti rin ilẹ̀, oko wa lọ́nà Ọdẹ́dá ń rùn bí erùpẹ̀ tútù àti ewé ẹ̀gẹ́. Èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àti alágbàṣe méjì la wà níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó wà lórí àwọn ebè yẹn ni ìyàwó mi gbìn gbẹ̀yìn láyé. Mi ò fẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò nínú rẹ̀.

Fóònù mi dún, mo sì ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé fúnra mi: ọkọ̀ ti gbéra, yóò dé ní aago mẹ́sàn-án. Lóṣù tó ṣáájú, obìnrin kan láti iléeṣẹ́ tó ń fi fóònù bá àgbẹ̀ wá ọkọ̀ àti oníbàárà ti wá bá mi nílé ní Adigbe, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo ní kí àwọn alágbàṣe máa hú ẹ̀gẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fọwọ́ lé ìbàdí. “Àna mi, a kì í hú ẹ̀gẹ́ ká tó gbọ́ ìró ọkọ̀.”

“Ó ti wà nínú fóònù, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé fóònù yín ló máa rù ú ni?”

Àwọn alágbàṣe rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Ìyàwó mi ló fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Ìbarà, òun náà ló ń jókòó tì mí bí mo bá ń kàwé lálẹ́. Ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé a máa gba ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Mo mọ̀ pé bí a bá ti hú ẹ̀gẹ́, kì í ju ọjọ́ kejì lọ tí inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni awakọ̀ pè.

“Bàbá, mo ti dé o. Mi ò rí ẹrù kankan.”

“Ibo lo dé?”

“Iwájú ilé kan tí géètì rẹ̀ jẹ́ búlúù, ní Adigbe. Ibẹ̀ ni wọ́n júwe fún mi.”

Ilé mi ni. Ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ mi ni fóònù obìnrin náà kà sí oko. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ló ń dáko sí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Mo bẹ awakọ̀ náà títí. Ó ní àwọn olóko mìíràn ń retí òun, ó sì wakọ̀ lọ. Mo wá ọkọ̀ dé Ṣàpọ́n. Gbogbo wọn ló ti gba iṣẹ́ lórí fóònù.

“Ká ní àbúrò mi wà ni,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́, “à bá rẹ ẹ́ sómi, ká fi ṣe láfún.” Àwa méjì bó ìwọ̀nba tí ọwọ́ wa ká, a rẹ ẹ́ sómi. Ní ọjọ́ kẹta, ìyókù ti dúdú, ó ń rùn kíkan. A kó o dà sẹ́bàá igbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn, obìnrin iléeṣẹ́ náà wá bá mi lóko. “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sáàárín oko, kí fóònù mi lè mú ibi tí oko yín wà gan-an.” Mi ò bá a jà. Àṣìṣe tèmi ló tóbi ju tirẹ̀ lọ. Mo gun orí ebè, mo dúró. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní ó ti wọlé.

Wọ́n ti wá mọ oko ìyàwó mi báyìí. Kò sì sí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn níbẹ̀ mọ́.