Maṣíìnì Tí Kò Rán Aṣọ Kankan ní Bè

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyá kan ní àdúgbò Bè, ní Lomé, ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ariwo rẹ̀ ló fẹ́, kí ará ìta má baà gbọ́ pé mò ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá kejì.

Kí n tó di akọ̀ròyìn nìyẹn. Ìbàdàn ni mo ti lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Hanoukopé, àdúgbò mìíràn ní Lomé. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀: mo wí, gbogbo kíláàsì tún un wí lẹ́ẹ̀kan náà, fèrèsé á sì máa mì. Àwọn olùkọ́ yòókù a máa ka ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, yọjú.

"Mọ̀síọ̀ Àlàdé, ṣé ẹ̀kọ́ ni àbí ìjà?"

"Ẹ̀kọ́ ni, ọ̀gá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí kíláàsì ìṣirò náà rí ẹ̀kọ́ kọ́."

Bó ṣe kúrò níbẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọdún 1992 ń parí lọ, ìyanṣẹ́lódì ńlá dé. Àwọn tó ń bèèrè ìjọba tiwa-n-tiwa ti ìlú pa: báńkì, èbúté, ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó da àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ sí Ghana àti Benin. Ìyá Akuvi ni kò jẹ́ kí n lọ. Aránṣọ ni, àwọn òbí rẹ̀ ará Ọ̀fà, ṣùgbọ́n Lomé ni wọ́n bí i sí. Akuvi ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì mi, fẹ́ ṣe báàkì lọ́dún náà, ìdánwò tí èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó wọ yunifásítì.

"Tíṣà, bí ìdánwò bá dé lójijì ńkọ́? Ọmọ yìí ti ń gbàgbé."

"Màmá, bí wọ́n bá gbọ́ wa ńkọ́?"

"Ariwo wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ẹ ṣáà rọra sọ̀rọ̀."

Bí èmi aláriwo ṣe di ẹni tó ń kọ́ni kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo wí, Akuvi àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ márùn-ún tún un wí, bí ẹni ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn.

Lọ́jọ́ kan, Mọ̀síọ̀ Ayité, aládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, tó sì fọwọ́ gidi mú ìyanṣẹ́lódì náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Maṣíìnì dákẹ́. Ó fi èdè Mina bèèrè pé:

"Ìyá Akuvi, ó pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ránṣọ yìí, mi ò rí ẹni tó wọ̀ ọ́."

"Aṣọ tó ṣòro rán ni."

"Mo gbọ́ bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì."

Ó yọjú sínú yàrá kejì, ó wò mí títí. Mo ti ń ro ọ̀nà bodè lọ́kàn kó tó sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ ni mo yàn lódì, mi ò yan ọmọ mi lódì. Ẹ sún mọ́ra, kí Afi rí ibi jókòó."

Bí wọ́n ṣe di méje nìyẹn.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ padà ṣí, mo wí, mo ń retí kí fèrèsé mì. Àwọn méje náà dá mi lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ní kí wọ́n gbóhùn sókè. Akuvi bojú wẹ̀yìn ná, bí ẹni ń wá maṣíìnì ìyá rẹ̀.

Dìrẹ́tọ̀ wọlé pẹ̀lú ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó kà á fún wa: báàkì yóò wáyé, wọn yóò kéde ọjọ́ rẹ̀, ìdánwò ẹnu wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí olùdánwò kò bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kò ní gba máàkì.

Ó ká ìwé náà, ó kọjú sí mi.

"Mọ̀síọ̀ Àlàdé," ó ní, "ẹ máa pariwo."