Okùn Kan Láàrin Èmi àti Kúdí ní Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Kúdí jáde ní Ìkòsí lọ wọ ọkọ̀ Èkìtì. Afọ́jú ni Kúdí. Irun ló ń dì ní Kétu, èmi ni mo sì máa ń bá a sáré. A ó so okùn kúkúrú kan mọ́ ọwọ́ wa, a ó jọ máa lọ. Eré kìlómítà méjìlélógójì la fẹ́ lọ sá ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni tó yẹ kó mú un sáré ti já a kulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ eré. Mo ti ṣèlérí pé tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dé Ìtawúrẹ́, oríta tó wà nítòsí Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi Iléṣà sílẹ̀, etí Kúdí dí.

"Aunty, òkè la ń gùn yìí, àbí?"

"Òkè ni o. Ti Magodo tí a fi ń ṣe ìdánrawò, àwàdà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí."

Ìyá àgbà kan ló gbà wá sílé ní Ẹ̀fọ̀n. Uṣu ni wọ́n ń pe iṣu níbẹ̀, ulé ni wọ́n ń pe ilé. Iyán tí à ń fi ọjọ́ ìsinmi jẹ ní Kétu, ojoojúmọ́ ni tiwọn.

"Òkè yìí ga o. Ẹ má kánjú," ni ìyá wí.

Kúdí dáhùn pé, "A ò ní kánjú, Mummy. Tí a bá sáré débi tí a ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, a ó dẹ ẹsẹ̀."

Òtútù mú lọ́jọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ eré. Bí wọ́n ti ní ká máa lọ, gbogbo èèyàn ya lọ, èmi náà sì fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Kúdí fa okùn.

"Aunty, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Mo gbìyànjú, èémí kò jẹ́. A dẹ ẹsẹ̀. Tí a bá ń gun òkè, a ó máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú. Níbi tó bá ga jù, a ó rìn. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba Kúdí lẹ́rù. Ara rẹ̀ a le gbagidi, mo sì ń júwe ọ̀nà fún un títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tí oòrùn mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá àwọn tó ti fi wá sílẹ̀. Àwọn kan jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń da omi sórí.

Òkè tó kẹ́yìn ló gùn jù. Ibẹ̀ ni pajápajá ti mú mi lẹ́sẹ̀. Mo pa á mọ́ra.

"Aunty, ẹsẹ̀ yín kan ń wọ́ nílẹ̀. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ fún mi."

Mo dúró, mo sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ eré kan sáré wá, ó ní òun lè bá Kúdí lọ, kí èmi wọ ọkọ̀.

Mo ní, "Tẹ̀ lé e, Kúdí. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ lè rìn?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ó yá. Ẹ máa wo ọ̀nà, èmi á máa fà yín."

Ó bọ́ síwájú, okùn le. Mo ń sọ pé òsì, mo ń sọ pé ọ̀tún, ó ń fà mí gun òkè bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Wọ́n ti ń kó àga nílẹ̀ nígbà tí a dé òpin, síbẹ̀ wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ wa lọ́rùn. Kúdí ń fi ìka wá ojú àmì ẹ̀yẹ náà kiri, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí pé ipò kelòó la ṣe. Mo ní a wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Ohun tí mo kọ́ ni pé ìrora tí mo pa mọ́ ń dá àwa méjèèjì dúró. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, à bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kó tó burú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kúdí pè mí pé ṣé ara ti le. Mo sọ òótọ́ fún un: gbogbo ara ló ń ro mí. Ó ní tòun náà ń ro òun. A wá sún ìdánrawò sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.