Àpótí Tí Pọ́ǹpù Ń Ṣọ́

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iná lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Àwa mẹ́ta la wà nílé: èmi, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ìyàwó mi ti kú ní ọdún mélòó kan ṣáájú. Òjò ń rọ̀. A ń fetí sílẹ̀. Kò pẹ́ tí a gbọ́ tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni ọmọ mi wí.

"Ẹnjiníà wa," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Gbogbo àdúgbò ò níná, omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan lẹ rí fún níná."

Bàbá ìyàwó mi ló kọ́ ilé náà sí ẹ̀yìn Cow Lane, ní Gánà níbí. Oníṣòwò aṣọ ni. Ó gbẹ́ yàrá kan sábẹ́ ilé láti máa kó ọjà sí, kí olè má bàa rí i. Kò ro ti omi. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á máa sun láti inú ilẹ̀ ibẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò sí igun kan, mo gbé pọ́ǹpù kékeré sínú rẹ̀, ó ń fa omi jáde sí gọ́tà ìta. Ṣùgbọ́n àsìkò dúmsọ̀ dé, ìyẹn orúkọ tí àwọn ará Gánà fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí òjò bá ti ṣú, iná á lọ, pọ́ǹpù á kú.

Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà tó ká mi lára. Àpótí irin ìyàwó mi ni. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti wà ní kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń ra aṣọ ní ọjà Makola, tó ń kó wọn sínú rẹ̀ fún ẹrù ìyàwó. Ìgbéyàwó ọmọ náà wá ku oṣù méjì. Mo fẹ́ gbé àpótí náà sókè. Ẹ̀gbọ́n kọ̀.

"Èèwọ̀ ni nílé wa," ó wí. "Àpótí tí ìyá bá gbé kalẹ̀ fún ọmọ, ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ sílé ọkọ ni à ń gbé e nílẹ̀. Ẹ má ṣí i, ẹ má sún un."

Àna ni mí. Èmi kì í bá ilé ìyàwó mi jiyàn. Bí àpótí kò bá lè gòkè, a jẹ́ pé omi ni kò gbọdọ̀ gòkè.

Firíìjì ni mò ń tún ṣe. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, níbi tí mo ti kọ́ nípa iná. Mo ra bátìrì ọkọ̀ méjì, àlòkù, ní Mamobi. Ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ara kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti jù nù ni mo ti rí i. Mo to gbogbo rẹ̀ sórí àwọn kéréètì mínírà kí omi má bàa kàn án. Bí iná bá wà, bátìrì á máa gba agbára. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á bọ́ sórí bátìrì fúnra rẹ̀. Nígbà tí mò ń fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà, ẹ̀gbọ́n dúró lókè àtẹ̀gùn.

"Àkàrà lẹ ń dín níbẹ̀ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ láìsí iná ìjọba. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, ọmọ mi ń fi tọ́ọ̀ṣì hàn mí. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, omi sì ń gòkè.

Mo sáré jáde. Ọ̀rá omi tútù ti dí gọ́tà pa. Ibi tí páìpù ń da omi sí ti kún, omi tí mò ń lé jáde ń gba abẹ́ ògiri padà wọlé. Láti ìgbà tí mo ti ń so wáyà, n kò wo gọ́tà lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí mo padà, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí àpótí lórí búlọ́ọ̀kù tó wà. Mo lọ dúró tì í.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí láti orí àtẹ̀gùn. "Aṣọ lásán ni."

"Aṣọ ọmọ ni."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú, mo múra bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì. Àpótí náà wá sókè bí agbọ̀n òfìfo. Mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn gbá ògiri. Ìdérí ṣí.

Ìró méjì ló wà níbẹ̀, èyí tí ìyàwó mi fi pọn ọmọ, tí wọ́n ti gbó fún fífọ̀. Kò sí nǹkan mìíràn.

Iná tọ́ọ̀ṣì ń gbọ̀n lórí omi. Pọ́ǹpù ń kùn. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Èmi àti àbúrò mi la jọ ń gbé àwọn aṣọ náà lọ sí Makola lọ tà," ó wí. "Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé."

"Ilé ẹ̀kọ́ ta ni?" ni ọmọ mi bi í.

"Ti bàbá rẹ."

Èrè ọjà ni ìyàwó mi sọ fún mi pé òun fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ mi. Mo gbà á gbọ́.

"Èèwọ̀ yẹn ńkọ́?" mo bi ẹ̀gbọ́n.

"Kò sí èèwọ̀ kankan. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín. Ó ní òun á rà wọ́n padà kí ọmọ tó dàgbà. Ikú ò jẹ́. Kí lẹ bá ní kí n wí?"

Ẹsẹ̀ mi wà nínú omi, n kò mọ̀ pé ó tutù. Mo wo wáyà pupa, mo wo dúdú. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n.

Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. "Due, Dádì," ló wí, bí wọ́n ṣe ń báni kẹ́dùn ní èdè Twi. Ó gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e gòkè fúnra rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, mo sì gbé ẹnu páìpù kọjá sí òdìkejì rẹ̀. Mo fọ ìró méjèèjì, mo sá wọn. Ẹ̀gbọ́n yọjú lójú fèrèsé.

"Kí lẹ ń sá?"

"Ẹrù ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà mo rìn lọ sí Makola. Mo ra aṣọ ọ̀pá mẹ́fà. Obìnrin tó ń tà á bi mí pé ta ni mò ń rà á fún. Mo sanwó, mo gbé e sí abíyá, mo gbé e lọ sílé fún ọmọ mi.