Ìbọn Tí Kò Ní Pa Àparò

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn akọni ni mo fẹ́ sọ. Adìyẹ tó bá sàba, mi ò jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ìyá mi ló fi ọjà náà sílẹ̀ fún mi, mi ò sì rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ oúnjẹ. Ìyẹn ló sọ mí di ọdẹ.

Àìsàn kan ló ṣe Bàbá lẹ́yìn ọdún Iléyá. Àìsàn náà lọ, ó sì mú adùn ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ̀wà, ó ní ó ń ta òun nínú. Ẹja, ó ní òórùn rẹ̀ ń rí òun lára. Adìyẹ ọjà, ó ní oògùn ni òun ń gbọ́ lára rẹ̀. Dókítà sọ ọ́ sí mi lójú pé tí bàbá yìí kò bá jẹun, kò sí abẹ́rẹ́ tí yóò dá a dúró. Láàárọ̀, tí mo bá ń wẹ̀ fún un, mo máa ń ka egungun ìhà rẹ̀ láìmọ̀ pé mò ń kà á. Lọ́jọ́ kan ló wá sọ pé tí òun bá rí àparò, òun lè jẹ ẹ́, irú àparò tí wọ́n máa ń sè lóko nígbà tí òun wà lọ́mọdé.

Ẹ ó ní ṣé kò sí àparò lójú títì ni. Ó wà. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá máa ń nà án sí wa tí a bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tí ìbọn ọdẹ ti pa kí ọ̀bẹ tó kàn án, òkúǹbete ni nílé tiwa. Bàbá mi kò fi ẹnu kan òkúǹbete rí láyé rẹ̀, kò sì ní í ti orí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹran gbọ́dọ̀ wà láàyè, kí a dá a dùbúlẹ̀, kí a dárúkọ Ọlọ́run, kí a dúńbú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ dẹ tàkúté. Eku jẹ ìjẹ inú rẹ̀ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìbọn ló kù.

Ọkùnrin kan wà ní Kútọ̀, lẹ́yìn ibùdókọ̀, tó ń ta àwọ̀n, ìwọ̀ ẹja àti irinṣẹ́ oko. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, irú èyí tí kì í lo ẹ̀tù, afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta kékeré jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́ ní awò lórí, ó ní tí mo bá fi yin ehoro láti òkèèrè, ehoro náà kò ní í mọ ohun tó pa òun. Ìkejì, nǹkan bíi fáńpù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń rọ afẹ́fẹ́ sí i, òun náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹyẹ. Ìkẹta tẹ́ẹ́rẹ́, igi ìdí rẹ̀ ti bó, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣẹ́ wálẹ̀ kí ó tó gba ọta. Mo bi í pé èwo nínú wọn ni kò ní í pa àparò.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ta ìbọn, èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó ń wá èyí tí kò ní í ṣiṣẹ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá fún un. Kò fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Ó ní ìkẹta ni, tí mo bá sún mọ́ ẹyẹ dáadáa tí mo sì yìn ín ní ìyẹ́, yóò já a lulẹ̀, kò ní í pa á, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ mi yá o, nítorí àparò tí kò kú kò ní í jókòó dè mí. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí òun náà ni agbára mi ká. Ọkùnrin náà kìlọ̀ pé kí n gba ìwé àṣẹ kí n tó gbé e jáde. Ìwé yẹn ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Bàbá kò sì ní ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbé e lọ láìgbàwé. Ìwà òmùgọ̀ ni, mo mọ̀.

Mo fi ìdajì ìgàn àdìrẹ kan wé ìbọn náà, mo há a sí àárín èmi àti ọlọ́kadà, a kọrí sí oko bàbá mi lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Gbogbo ibi tí mo bá ti rí ènìyàn méjì tó dúró pọ̀, mo ń fún ara mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà kí ìbọn má baà hàn. Ọlọ́kadà náà kò tún mọ ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ju pé ọ̀nà yìí kò dára mọ́, pé àwọn ajínigbé gbé ọmọbìnrin kan níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọn ò sì tíì rí i. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó máa wo iwájú rẹ̀.

Oko náà ti di igbó, wèrèpè bò ó. Ẹni tí wèrèpè bá ti bà lójú rí kò ní í béèrè ìdí tí mo fi tú aṣọ kúrò lára ìbọn tí mo fi bo imú àti ẹnu. Ojú mi nìkan ló yọ. Mo yọ ọ̀bẹ sílẹ̀ kí n má baà pẹ́. Mo jókòó títí oòrùn fi wọ̀ mí lágbárí, kí àparò kan tó yọ sí ẹ̀bá ebè. Mo yìn ín, ó sì bà á. Ó ṣubú, ó dìde, ó ń wọ́ ìyẹ́ kan nílẹ̀ lọ. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo gbá tẹ̀lé e tòun tọ̀bẹ. Etí ọ̀nà ni mo ti bá a. Mo gbé e, ó ṣì ń jà lọ́wọ́ mi, mo sì gbójú sókè kí n wo ibi tó mọ́ tí n óò dá a dùbúlẹ̀ sí.

Obìnrin méjì ló dúró lọ́nà, ẹrù ẹ̀gẹ́ lórí wọn. Ọ̀kan ju tirẹ̀ nù, ó figbe ta, ó sá lọ. Èkejì kò lè sá. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, ó ń wò mí. Igbe yẹn bà mí lẹ́rù débi pé mi ò rántí láti sọ̀rọ̀. Mo ti ẹyẹ bọ àyà ẹ̀wù mi, mo sá padà wọ igbó. Ẹ wò ó, ẹni tó bo ojú, tó gbé ìbọn, tó yọ ọ̀bẹ, tó tún ń sá wọgbó, kí ni ẹ̀yin náà ó pè é?

Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin abúlé fi yí mi ká. Wọ́n tó mẹ́fà, àdá lọ́wọ́ wọn, bàbá arúgbó kan ló ṣíwájú pẹ̀lú ṣakabùlà. Wọ́n ní kí n dojú bolẹ̀, mo dojú bolẹ̀. Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́yìn, òmíràn fi àdá lé mi lọ́rùn. Wọ́n ń bi mí pé níbo ni àwọn yòókù mi wà, níbo ni a gbé ọmọ àwọn sí. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo tọ̀ sára, mi ò ní í purọ́ fún yín. Lábẹ́ mi, ẹyẹ náà ń lu àyà mi, mo sì mọ̀ pé èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ pa. Mo gbìyànjú láti gbé ara sókè kí ó lè rí èémí mí, ẹsẹ̀ yẹn tún tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, àdá sì gé mi díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohùn mi tó jáde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí n dúńbú ẹyẹ mi kó tó kú.”

Ẹnìkan ní mo ti ya wèrè. Bàbá arúgbó náà ní kí wọ́n yí mi padà. Ó ti ọwọ́ bọ àyà ẹ̀wù mi, ó fa àparò náà jáde, ó tú aṣọ kúrò lójú mi, ó ní ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ odò tó pààlà oko wa. Ó ní òun àti bàbá mi jọ kọ́ kéwú lábẹ́ igi kan náà ni, pé imú yìí, kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí i. Ó ní kí wọ́n sọ àdá sílẹ̀. Ó ní tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ tí mo sọ, wọn ì bá ti pa mí.

Obìnrin tí kò lè sá, òun ni ìyá ọmọ tí wọ́n gbé lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò mi tó tutù. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mi ò mọ ibi tí ọmọ òun wà. Mo ní mi ò mọ̀, ìyá. Ó tún bi mí.

Àparò ti kú. Ó ṣì gbóná, mo sì fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò tó nǹkan. Títí mo fi dé Abẹ́òkúta ni mò ń to irọ́ tí n óò pa lẹ́nu.

Ìyàwó mi se é. Nígbà tí òórùn rẹ̀ dé yàrá, Bàbá dìde jókòó fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fọwọ́, ó fa abọ́ mọ́ra. Ó wá bi mí pé ṣé ẹran náà ṣì wà láàyè nígbà tí ọ̀bẹ kàn án. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ, mo lanu kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó jáde ni rárá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti abọ́ náà kúrò níwájú.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” mo ní. “Lọ́la n óò padà lọ. N óò mú òmíràn wá.”

Ó na ọwọ́, ó fi kan ibi tí àdá ti gé mi lọ́rùn, ó sì fà á padà kíá. Mi ò rí i kí ẹ̀rù ba bàbá mi rí. Ó pe ìyàwó mi, ó ní kí ó po ògì wá. Ó mu ún, ó dijú, ó fẹ́ bì í, ó gbé e mì. Nígbà tí ife ṣófo, ó ní kí wọ́n bu òmíràn, ó mu ìyẹn náà, omi ń jáde lójú rẹ̀.

“O rí i,” ó ní. “Mo ti jẹun. Má lọ síbẹ̀ mọ́.”