Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tí Mo Fún Ìyá Mi

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ kan wá bá mi nílé. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún àwọn lórí bí èèyàn ṣe lè lo àsìkò rẹ̀ dáadáa kó fi di ẹni ńlá láyé. Wọ́n ti gbọ́ pé akọ̀wé kékeré ni mí nígbà kan, pé mò ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, mò ń kàwé ní ìdájí, pé ìyẹn ló sọ mí di ọ̀gá. Mo fún wọn ní mínírà mu, mo sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n fi bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ náà kó mi nírìíra débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ níbí lẹ́ẹ̀kan, kí n má bàa máa ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn.

Agboolé kan ní Bẹyẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí. Ní àwọn ọdún tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún, mo sì ń ṣe akọ̀wé kékeré ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń ra kòkó ní Gbági. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ń jókòó sábẹ́ fáànù, èmi ń gbé fáìlì kiri nínú ooru. Mo wá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n máa ń dì sínú àpò ìwé ránṣẹ́ síni láti Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá yege nínú ìdánwò rẹ̀, èmi náà á bọ́ sábẹ́ fáànù. Bí mi ò bá yege, ó di kí n máa gbé fáìlì títí n óò fi hewú.

Agboolé wa kò sì fẹ́ kéèyàn kàwé. Àga onípákó gígùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn bàbá ilé máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán. Pákò á wà lẹ́nu wọn títí oòrùn á fi mú. Wọ́n á rún un, wọ́n á tutọ́ pẹẹ, wọ́n á tún rún un. Ibi tí itọ́ náà ń bọ́ sí ni gbogbo wa ń gbà kọjá. Kí n tó kọjá, mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n dáhùn pé mo jí dáadáa, pé iṣẹ́ ń lọ, pé rárá, mi ò tíì rí ìyàwó. Bí mo bá sáré kí ẹnì kan, èkejì á ní, "Àbí èmi ò tó ẹni à ń kí ni?" Ó máa ń gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó bọ́ sí títì. Ara mi á máa rìn gììrì. Mo máa ń wo eyín wọn àti okùn pákò tó há sí i, mo sì máa ń sọ lọ́kàn ara mi pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n darúgbó sórí àga yẹn.

Ni mo bá wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yìnkùlé wa ni àkìtàn wà, níbi tí gbogbo agboolé ń da ilẹ̀ sí, tí àwọn kan sì ń ṣe ohun tí kò yẹ kí n kọ síbí. Ọ̀nà tóóró kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí títì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ láràárọ̀, èmi tí mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà tó ń dán. Màá fi áńkáṣíìfù dí imú, màá máa fo ìgbẹ́ ewúrẹ́, eṣinṣin á sì sìn mí dé títì. Ó yá mi lára ju kí n kí bàbá mẹ́fà lọ. Àwọn ìyàwó ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Gbàkìtànjáde. Mo gbọ́, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ. Lójú tèmi nígbà náà, àwọn ni wọ́n ń fi àsìkò ṣòfò.

Ìyá mi nìkan ni mi ò lè gba ẹ̀yìnkùlé sá fún. Ọṣẹ dúdú ló ń tà l'Ọ́jà'ba, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sè é, nítorí náà òórùn eérú àti àdín kì í kúrò lára rẹ̀. Láti kékeré mi, bó bá ti dàárọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ fún un, òun á sì kì mí. Kì í ṣe kíkì ráńpẹ́ tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún o. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì tèmi, á bọ́ sí ti bàbá mi tó ti kú, á gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá bàbá mi, á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ti Ọ̀yọ́ ilé wá nígbà ogun. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè gbà tó ààbọ̀ wákàtí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun. Àwọn ìyàwó tó bá a kọ́ ọ ti kú tán, àwọn tó kù sì mọ̀ ọ́n ní ẹyọ-ẹyọ. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n délẹ̀.

Nígbà tí ìwé Lọ́ńdọ̀nù dé, ààbọ̀ wákàtí yẹn di ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi. Mo wà lórí ìṣirò, ìyá mi á ti wọlé, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi tó mọ́, òórùn àdín á gba yàrá kan. Kí n sọ òtítọ́: òórùn yẹn máa ń rí mi lára. Ìyá tó fi ọṣẹ yẹn rán mi nílé-ìwé, òórùn rẹ̀ ń rí mi lára, mo sì máa ń ṣí fèrèsé bó bá ti jáde.

Ìwé kan tó bá ẹ̀kọ́ náà wá ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pín ọjọ́ rẹ̀ sí wákàtí àti ìṣẹ́jú, kó kọ ọ́, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo ra bébà ńlá, mo fi rúlà fa ìlà pupa sí i. Aago mẹ́rin ààbọ̀, jíjí. Lẹ́yìn ìrun, ìṣirò. Lẹ́yìn ìṣirò, gẹ̀ẹ́sì. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí ogún ìṣẹ́jú kí aago méje lù, mo kọ "ìyá" síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sáàárín gẹ̀ẹ́sì àti ìwẹ̀. Inú mi sì dùn sí i, mo rò pé mo ti ṣe dáadáa.

Ìyàwó ilé kan tó mọ̀wé wọlé wá gba iná lọ́wọ́ mi, ó rí bébà náà, ló bá kà á fún ìyá mi. Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ni ìyá mi rín.

"Èmi náà wà nínú ìwé náà?" ló bi mí.

"Ẹ wà níbẹ̀, mà."

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Mo fi ìka hàn án. Ó fi ọwọ́ tó ní eérú lábẹ́ èékánná kan ọ̀rọ̀ náà, ó rọra kan án. Lọ́jọ́ náà, ó ròyìn káàkiri ọjà pé ọmọ òun kọ òun sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Títí di òní, bí mo bá rántí pé orí ìyá mi wú nítorí bébà yẹn, èébì ló máa ń gbé mi.

Mo ní aago orí tábìlì kan tó máa ń dún gooro. Mo máa ń ká a sí ogún ìṣẹ́jú kí aago méje lù. Ìyá mi mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi, yóò kọjá ti bàbá mi àti ti bàbá rẹ̀, yóò dé ọ̀dọ̀ bàbá kẹta: "Ọmọ ẹni tó dé ibi tí ọ̀nà pin, tó ní kí ọ̀nà ó bẹ̀rẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni aago máa ń dún. Á pa ẹnu dé. Á gbá ìrọ́ rẹ̀ mọ́ra, á dìde.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, ó dàárọ̀ ọ̀la. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé náà wọ orí rẹ."

Mo sọ fún un nígbà kan pé kó kúkú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dá a dúró sí lánàá, kó lè yá.

"Ṣé àárín ni wọ́n ti bí ọ ni?" ló bi mí. "Orí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ èèyàn."

Nítorí náà, láràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí, láràárọ̀ ni aago ń bá a lẹ́nu bàbá kẹta. Mi ò mọ ohun tí bàbá náà ṣe lẹ́yìn tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Mi ò béèrè. Mo ní tí mo bá ti ṣe ìdánwò tán, màá jókòó kó kì mí tẹ́rùn.

Mo yege. Wọ́n gbé mi sábẹ́ fáànù. Ìyá mi pín ọṣẹ fún gbogbo agboolé lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tó tẹ̀ lé e, bébà tuntun ti wà lógiri, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìyá mi kò lé, kò dín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba gbà mí sí Sẹkitéríàtì, mo sì lọ gba yàrá méjì ní Òkè-Àdó níbi tí mi ò ti ní rí itọ́ àti àkìtàn mọ́. Mo wá fún ìyá mi ní ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin sí aago márùn-ún. Mo ń wá lóòótọ́, bí iṣẹ́ kò bá dí mi. Èèyàn á ti kún yàrá láti wá wo ọmọ tó di ọ̀gá, kíkí nìkan á sì gba wákàtí náà tán.

"Ṣé a ò ní lè kì ọ́ délẹ̀ lónìí?" ló bi mí lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kí àwọn àlejò má bàa gbọ́.

Mo wo aago ọwọ́ mi. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo wo aago ọwọ́ mi níwájú ìyá mi.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbà mú un ní apá ọ̀tún, ó sì mú ahọ́n rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rí àyè. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mi ò wo aago kankan. Ó máa ń mọ̀ mí. Ó máa ń la ẹnu, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, ahọ́n á sì wúwo lé e. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, ẹ sinmi." Ọ̀rọ̀ tútù, ọ̀rọ̀ ọmọ dáadáa. Àwọn ará ilé ń yìn mí pé mo mọ ìyá tọ́jú. Ojú ń tì mí láti gbé orí sókè.

Ó kú nínú oṣù kejì àìsàn náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fídáù rẹ̀, àwọn ààfáà ti ṣàdúà tán, agboolé kún. Olórí ilé wa, ọ̀kan nínú àwọn bàbá orí àga yẹn, pè mí síwájú gbogbo èèyàn. Ó ti darúgbó gan-an, kò ní eyín tó lè rún pákò mọ́. Ó ní kí àwọn ìyàwó tuntun súnmọ́ iwájú, kí wọ́n ṣí etí. Ó ní oríkì ilé kò gbọdọ̀ bá ẹnì kan lọ sínú ilẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá ẹni tí wọ́n fẹ́ kó kì í.

"Ìwọ là ń wò," bàbá náà wí.

"Èmi kẹ̀, bàbá?"

"Ta ló tún kù? Nígbà tí a ní kí ìyá rẹ kọ́ àwọn ìyàwó wọ̀nyí, ó ní ká fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti ya àsìkò rẹ̀ sọ́tọ̀, ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, pé àràárọ̀ lòun ń kì í sí ọ létí. Ó ní gbogbo ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Ọkàn wa balẹ̀, nítorí akọ̀wé kì í gbàgbé nǹkan."

Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi. Mo kì í dáadáa, mi ò ṣì í, ohùn ìyá mi gan-an ni mo fi ń kì í. Mo kọjá bàbá mi, mo kọjá bàbá rẹ̀, àwọn obìnrin ń mi orí, ẹnì kan ń nu ojú. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá kẹta, mo ní ọmọ ẹni tó dé ibi tí ọ̀nà pin, tó ní kí ọ̀nà ó bẹ̀rẹ̀.

Mo dúró. Gbogbo agboolé ń retí. Wọ́n rò pé ẹkún ló gbà mí lẹ́nu. Bàbá náà na ọwọ́, ó gbá mi mú léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Sinmi díẹ̀ kó o tó máa bá a lọ." Omi kankan kò sí lójú mi.