Ẹnikẹ́ni Ò Tọ́ Núdùlù Màmá Hílídà Wò

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi tọ́jú àgbàlagbà ní Thamesmead nílùú òyìnbó, n ò rí ọjọ́ tí àyà mi já tó ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní òun ń padà bọ̀ wá wo Màmá Hílídà. Ará Jámánì ni màmá yìí, ó ń dá gbé nílé rẹ̀ ní àdúgbò Moorings. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó jẹ́ pé tíì nìkan ló ń mu. Nínú ìwé tí a fi ń kọ ohun tí ẹni tí à ń tọ́jú bá jẹ, "kò jẹ" ni mo ń kọ ṣáá. Nọ́ọ̀sì ti là á mọ́lẹ̀: bí òun bá dé ní aago méjì tí màmá ò tíì jẹun, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Màmá di ọwọ́ mi mú, ó ní bí òun bá jáde nílé yìí, òun ò ní padà wá mọ́.

Oúnjẹ kan ṣoṣo ló máa ń dárúkọ, núdùlù oníṣíìsì tí ìyá rẹ̀ máa ń sè. Orúkọ rẹ̀ gan-an dà bí ìgbà tí èèyàn ń sín, n ò lè pè é. Mo bẹ Sister Dúpẹ́ tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì bẹ Mummy Ṣọlá, aládùúgbò màmá tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, kí wọ́n wá bá mi sè é.

A po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin, a lù ú títí ó fi ń fà. Sister Dúpẹ́ ní bí a bá dà á sínú òróró, púfù-púfù nìyẹn. N ò lè rẹ́rìn-ín, aago ni mò ń wò. A tì í gba inú abọ́ oníhò tí a fi ń sẹ́ ìrẹsì, ó ń já bọ́ sínú omi tó ń hó. Nígbà tó léfòó, a kó o, a da ṣíìsì àti àlùbọ́sà díndín lé e.

Màmá jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó ń wò wá. Mo gbé àwo síwájú rẹ̀. Ó wo àwo, ó wò mí, ó sì gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.

"Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ sè é, ẹnì kankan ò tọ́ ọ wò. Kí lẹ fi sí i?"

Òótọ́ ló sọ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wà nínú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la tó máa ṣínu. Mo ṣàlàyé títí, ó ń mi orí. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí aago méjì lù.

Mummy Ṣọlá sún mọ́ mi létí. "Auntie, ọjọ́ kẹta rèé o, òní ló máa parí."

"Mo mọ̀, Mummy." Mo bu fọ́ọ̀kì kan sẹ́nu.

Kò níyọ̀ rárá. Kálukú wa ti rò pé ẹnìkejì ló ti fi sí i. Ojú mi ló sọ fún màmá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbé iyọ̀ wá," ó wí. "Kí o sì mú fọ́ọ̀kì tìrẹ dání."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ṣíìsì tó lẹ̀ mọ́ ìdí àwo lèmi àti màmá jọ ń ha. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún ààwẹ̀ mi gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ náà máa ń dá mi dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ní ẹni tí àwọn ń tọ́jú ò jẹun. Èmi náà á bi wọ́n pé fọ́ọ̀kì mélòó ni wọ́n gbé sórí tábìlì.